Ìpéǹpéjú Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Mo ti ro ẹjọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sẹ́ni tó dá mi láre. Àbúrò mi obìnrin ní kí n gbàgbé ẹ̀. Àlùfáà ìjọ wa ní kí n dárí jì wọ́n. Ọkọ mi, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí mò ń pè lẹ́jọ́, a máa dìde nídìí oúnjẹ bí mo bá ti lanu. Nítorí náà mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe rí gan-an: ta ló ṣe kí ni, ta ló rẹ́rìn-ín, ta ló dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́nu.

Ìparí àwọn ọdún ọgọ́ta ni. Bẹyẹrúnkà là ń gbé, nínú agbo ilé àwọn ọkọ mi. Béèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, yóò rí àwọn òpó ńlá Màpó lókè lọ́hùn-ún, lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, níbi tí ìjọba rán an lọ láti kọ́ nípa ọ̀nà àti afárá. Ó ra ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ náà sì gba ojú omi tẹ̀ lé e wálé lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Lóde òní, mo gbọ́ pé àwọn olówó ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri láti fi ṣẹ̀ṣọ́. Kí wọ́n wá bi mí léèrè. Ọkọ̀ náà gùn, ó dúdú, ó ń dán, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ kò lójú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò láti òsì dé ọ̀tún bí eyín òòyà, o ò sì ní rí iná kankan níbẹ̀. Àfi bí awakọ̀ bá fa nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Nígbà náà ni irin tó wà ní igun méjèèjì yóò ká sókè wẹ́rẹ́, bí ìpéǹpéjú ẹni tó jí, iná á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá pa iná, ìpéǹpéjú á tún padé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbé e dé, gbogbo agbo ilé ló ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á pé yí i ká níwájú ilé káfíńtà, níbi tó ń gbé e sí nítorí pé ọ̀nà ilé wa kò gba mọ́tò. Ọkọ mi á fa nǹkan kékeré náà.

"Ó jí o!"

"Ẹ tètè kí i kó tó sùn padà!" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé máa ń sọ. "Ọmọ olówó ni, kì í lajú lásán."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Oyún wà nínú mi, ó ti ń hàn, ohun tí mo sì rí nínú ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Iná ni mo rí.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Oyún mi àkọ́kọ́, Amẹ́ríkà ni ọkọ mi wà. Ìdájí ni ìrọbí mú mi. Kò sí takisí tó jẹ́ gun òkè wá sọ́dọ̀ wa lákòókò yẹn, nítorí gọ́tà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tán, ẹni tí kò bá rí iwájú dáadáa, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ìyá ọkọ mi gbé apá mi kọ́ ọrùn, àwa méjèèjì ń fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn lọ sí Bẹẹrẹ, bóyá a ó rí ọkọ̀ tó máa gbé wa dé ilé ìwòsàn aboyún ní Yemẹ́tù. A ò dé Bẹẹrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ọkùnrin ni ọmọ náà.

Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn dé, mo sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí, ìgbàkígbà tó bá wu ìrọbí kó mú mi, a ó rí ọ̀nà.

Oyún náà ti wọ oṣù keje nígbà tí ìpéǹpéjú òsì kọ̀ tí kò gbéra mọ́. Ọkọ mi fa nǹkan kékeré náà, ti ọ̀tún gbéra, ti òsì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ti ọ̀tún náà ń dé ìdajì, ó ń dúró. Ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ọjà'ba, mo sì bá a lọ. Ọkùnrin náà jókòó sórí bátìrì tó ti kú, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Iná ni," ó wí. Kò tíì dìde.

"Kì í ṣe iná ló ń gbé e sókè," mo fèsì. "Ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ́tí sí i. Ó ń mí. Mò ń gbọ́ ṣííí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá fẹ́ tanná."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá yíjú sí ọkọ mi. "Ọ̀gá, ẹ wá àga fún màdáámù. Ọmọ inú wọn ló ń mí, wọ́n rò pé mọ́tò ni."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo kọ ẹ̀rín yẹn sọ́kàn. Ọkùnrin tó kàwé lókè òkun, tó ń ṣírò ìwọ̀n ẹrù tí afárá lè gbé, ló dúró ní Ọjà'ba tó ń fi ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tí kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Rẹwáyà náà gé wáyà, ó so wáyà, ó pààrọ̀ fíúsì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Ìpéǹpéjú kò gbéra. Ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ mú wá: láti ọjọ́ náà, bí ọkọ mi bá ti fẹ́ tanná, họ́ọ̀nù á dún. Ìyẹn wà bẹ́ẹ̀ títí a fi ta ọkọ̀ náà.

Láàárín àsìkò yẹn, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, tí n kò kọ́kọ́ so mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo ń bá àpótí mi ní ṣíṣí. Mo ń tì í, mo sì tún ń bá a ní ṣíṣí, aáyán nínú aṣọ mi. Ìkòkò ọbẹ̀ kò ní ìdérí, eṣinṣin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Fèrèsé tí mo tì nítorí ẹ̀fọn, mo jí bá a ní gbangba. Ìyá ọkọ mi ní kí n tú irun orí mi, kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá so ìró mọ́ àyà, ó ní kí n lọ́ ọ lásán. Ilé míṣọ́ọ̀nù ni wọ́n ti tọ́ mi, ní Òkè-Adó, níbi tí gbogbo nǹkan ní ìdérí, tí gbogbo ìdérí sì ní àyè tirẹ̀. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ìyàwó alákọ̀wé. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ẹni kejì tí a gbé ọkọ̀ náà lọ bá ni mẹkáníìkì kan ní Bẹẹrẹ. Èyí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ́tí. Ó ní òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ni, ó sì rí ọ̀pá rọ́bà kan tó ti là. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ló fi rọ́pò rẹ̀? Rọ́bà pupa tó rọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá ń rà lọ́dọ̀ àwọn olóògùn láti fi fọ inú ọmọ. Ó fi ẹnu sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ẹ rí i? Afẹ́fẹ́ ń kọjá fàlàlà. Ẹ máa gbé e lọ."

A gbé e lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń gun òkè Màpó bọ̀, mo rí ohun tó fi yé mi pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, ìpéǹpéjú gbéra díẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe tẹ tọ́tù ká lè gun òkè, ó wálẹ̀. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri àwọn ilé, ó ń ga, ó ń wálẹ̀, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Mo ní kí ọkọ mi dúró. Ó dúró. Mo ní kó máa lọ. Ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń ronú.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, mo sì yọ rọ́bà pupa náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ìka dí i. Ó fa ìka mi. Kò fẹ́ ẹ. Ó fà á. Àṣìṣe gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde síbẹ̀. Ó ń fà á mu, fífà yẹn ló sì ń gbé ìpéǹpéjú sókè, tó tún ń dì í mú nígbà tó bá padé. Bí a bá ń gun òkè, tí a tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń gba atẹ́gùn ní ibòmíràn, agbára ìfàmu náà á dínkù. Wọ́n fi agolo kan sábẹ́ ibẹ̀ láti tọ́jú agbára náà de irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni agolo fẹ́ ṣe bí ọ̀pá tó lọ síbẹ̀ bá ń pa ara dé? Mo gé lára rọ́bà pupa náà, mo fi ẹnu sí i, mo fà á. Ó lẹ̀ mọ́ra bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kò lè mọ̀ láéláé.

Ibi tí mo dúró sí, tí rọ́bà wà lẹ́nu mi, oyún níwájú mi, ni àwọn ìyàwó ilé ti bá mi.

"Ẹ wá wò ó o! Oyún ìyàwó alákọ̀wé ti dé orí mọ́tò!"

"Tèmi, amọ̀ ara ògiri lásán ni mo jẹ."

"Àwọn tó kàwé, oúnjẹ wọn yàtọ̀. Ìyàwó, ṣé ká wá ata sí i?"

"Dẹ́rẹ́bà ló wà nínú ikùn yẹn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ táyà!"

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara lọ́rì, mo ra rọ́bà dúdú tó le, tó ní òwú nínú, tí mo fà lẹ́nu títí tí kò padé. Mo fà á láti ẹ́ńjìnnì dé agolo, láti agolo dé ìdí ìpéǹpéjú méjèèjì. Ọkọ mi fa nǹkan kékeré náà. Họ́ọ̀nù dún, ìpéǹpéjú méjèèjì sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" ni ọkọ mi pariwo. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rín Ọjà'ba. Mo dúró dè é, kò sọ ọ́.

Ọjọ́ mélòó kan la fi ní ojú. Lẹ́yìn náà, mo ṣàkíyèsí pé láràárọ̀, ìpéǹpéjú òsì kì í padé tán mọ́. Nígbà tó yá, kò gbéra mọ́. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkòkò irin kékeré kan wà níbẹ̀, awọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, òun ni fífà yẹn ń fà tó fi ń gbé irin. Awọ náà ti ya. Fọganáísà fi awọ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ó tún ya. Ti ọ̀tún náà ya. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, nǹkan òkèèrè sì wọ́n. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe pé ó ya. Bí ó ṣe ya ni. Kò ya bí ohun tó gbó. Ó ya bí ohun tí èèyàn fi agbára fà nígbà tí fífà ẹ́ńjìnnì ṣì dì í mú.

Oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ̀ dúró, ó ti wọlé, èmi sì jáde lọ mú agbòòrùn tí mo gbàgbé sínú rẹ̀. Mo bá ìyá ọkọ mi níwájú ọkọ̀. Ó tẹríba, ó ń fi igi kékeré ti ìpéǹpéjú òsì sókè, ó ń fi gbogbo ara tì í, ó sì ń gbàdúrà lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á ní ìjọ Aládùúrà rẹ̀. Ti ọ̀tún ti wà ní ṣíṣí. Igi ló fi gbé e.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń ṣí i ni." Kò tilẹ̀ ta gìrì.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń bà á jẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi? Bà á jẹ́ kẹ̀? Wò ó, aṣọ ni mo fi wé igi yìí kó má baà ha ọkọ̀ ọmọ mi lára. Àràárọ̀ ni mò ń yọ ọ́ kó tó jáde."

"Ọkọ̀ ni, Màámi! Ọkọ̀ ni, kì í ṣe àpótí!"

"Ó ń dijú." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò mí. "Ohunkóhun tó bá ń tì, tó bá ń dì, nílé tí ikùn obìnrin ti wọ oṣù, èmi á ṣí i. Ohun tí ìyá mi ṣe fún mi nìyẹn, tí mo fi bí méje láìkú. Àpótí mo ṣí. Ìkòkò mo ṣí. Kí èyí wá wà lẹ́nu ọ̀nà wa kó máa dijú mọ́ ọ? Kò ní ṣeé ṣe."

Mo sọ fún un pé ọkọ̀ yẹn ni mo gbójú lé láti dé ilé ìwòsàn. Mo sọ fún un bí awọ ṣe ń ya, àti ohun tó ń fà á. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, mo mọ̀, ohùn mi sì ti ń ga. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Àpótí rẹ wà ní títì lọ́jọ́ yẹn," ó wí.

N kò bi í pé ọjọ́ wo.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró rẹ, o so ó mọ́ ọn. Mo rí i nígbà tí mò ń tú aṣọ lára rẹ lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, n kò sọ fún ẹnì kan."

"Kò sí ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni mo sọ. "Kò sí iná. Ohun tó pa ọmọ mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ wí."

Ariwo mi kó agbo ilé jọ. Wọn kò bi mí léèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní aboyún ń jágbe mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Baálé ilé ní kí n kúnlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sórí òkúta pẹ̀lú ikùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi dé, ó gbọ́ ohun gbogbo, ohun tó sì sọ fún ìyá rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Ìyá, ẹ rọra." Ó gbé mi dìde, ó mú mi wọlé.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tán. Awọ ti ya, kò sí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi irin gbé ìpéǹpéjú méjèèjì sókè kó wà bẹ́ẹ̀, kó má padé mọ́. Iná á máa wà níta. Mi ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ká wá máa rìn kiri bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ń ríran."

"Mo máa rí awọ náà rà. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Láràárọ̀ tí ọkọ mi bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, bó bá bá igi níbẹ̀, á yọ ọ́, á jù ú sí gọ́tà. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, á gba òmíràn, á fi aṣọ wé e. Àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ ọ́ rí. Ìyá ń bà á jẹ́ nítorí mi, ọmọ kò fẹ́ kó burẹ́wà, èmi tí mo mọ ohun tó ń ṣe é ni kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ tèmi. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá.

Ọjọ́ tí ìrọbí mú mi, ọ̀sán ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé oòrùn kò ní wọ̀ kí ọkọ mi tó dé. Ó dé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun mọ̀gàríbì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Òjò ti ṣú tipẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí mo ṣe dé iwájú ilé káfíńtà. Kò mọ́lẹ̀ mọ́ rárá.

Ọkọ mi wọnú ọkọ̀, ó fa nǹkan kékeré náà. Họ́ọ̀nù dún. Ìpéǹpéjú kò gbéra. Ó tún fà á. Họ́ọ̀nù. Ó jáde sínú òjò, ó fi ọwọ́ gbé méjèèjì sókè, iná sì yọ sí i láyà. Bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n wálẹ̀. Ó tún gbé wọn. Wọ́n tún wálẹ̀. Mo di òpó ilé káfíńtà mú, mo ń wò ó.

Ìyá ọkọ mi jáde láti inú ilé, àpò ilé ìwòsàn mi lórí, igi méjì lọ́wọ́. Ọkọ mi sún sẹ́yìn fún un. Ó ti igi òsì, ó ti igi ọ̀tún, ó fi ọwọ́ gbá wọn kí wọ́n wọlé dáadáa. Ojú ọkọ̀ là sílẹ̀ gbàgàdà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ. Ọwọ́ òsì ọ̀nà la ṣì ń gbà nígbà náà, ọwọ́ òsì náà sì ni gọ́tà wà, omi ti kún un débi pé o ò mọ ibi tí ọ̀nà parí sí. Ọkọ mi ń fi iná òsì wá etí gọ́tà, ó ń rọra lọ. Ọkọ̀ jin sí kòtò kan, mo gbọ́ tí nǹkan kan kàn mọ́ irin, ẹ̀gbẹ́ òsì sì ṣókùnkùn.

Igi ti bọ́.

Ọkọ mi dúró. Ó jáde, ó ń fi ọwọ́ wá a nínú omi, kò rí i. Ó padà wá sí fèrèsé, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ìyá, okùn wà nínú àpò yẹn. Ẹ fún mi kí n fi so ó sókè."

"O ò ní so nǹkan kan."

"Ìyá, n kò rí gọ́tà!"

"Mo ní o ò ní so nǹkan kan mọ́ ọkọ̀ tí obìnrin yìí wà nínú rẹ̀ báyìí. Bó o bá so ó, mo bọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó ti pẹ́ jù, lójú tèmi. Ìrora kan dé, mo di ọwọ́ ìyá náà mú, mo sì wo ìta nígbà tó kọjá. Mo mọ ibi tí a dúró sí, mo mọ̀ ọ́n láti ìdájí ọjọ́ tí mo pàdánù ọmọ mi àkọ́kọ́. Ògiri amọ̀ kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀, igi ọ̀sàn kan ń wo ojú ọ̀nà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo ìyá ọkọ mi. Òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Ó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò. Mo rí i tó gba iwájú kọjá. Ó gbé ọwọ́ sórí, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó tún ká a títí ó fi ki, kò sì so ó. Ó fi èjìká gbé ìpéǹpéjú òsì, ó ki gèlè náà bọ abẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlé. Iná yọ. Ó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ náà díẹ̀ láti wò ó bóyá yóò dúró. N kò tíì rí orí rẹ̀ rí láìsí gèlè láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Irun rẹ̀ funfun, ó fọ́nká, òjò ń lù ú.

Ó wọlé padà, ó jókòó tì mí. Omi orí rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́.

"Máa lọ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Etí gọ́tà nìyẹn. Ṣé o ti rí i báyìí?"

Ó rí i. A kọjá Bẹẹrẹ, a gba Òkè Àrẹ̀mọ, a dé Yemẹ́tù. Obìnrin ni mo bí, òjò kò tíì dá.

Ìyá ọkọ mi kò yọ igi ọ̀tún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gèlè. Ọkọ mi gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ojú rẹ̀ là, gèlè yọ orí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a sọ ọmọ lórúkọ tán, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ilé. Ó de ìkòkò. Ó ti fèrèsé. Ó ti àpótí mi, ó yí kọ́kọ́rọ́ náà, ó mú un wá fún mi lórí ibùsùn. Mo gbà á. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí iwájú ilé káfíńtà. Mo ń wò ó láti fèrèsé. Ó fa igi yọ, ó fa gèlè yọ, ìpéǹpéjú méjèèjì sì bọ́ wálẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Iná ti jó gèlè náà lu ní àárín. Ó nà án sókè, ó fi ojú ihò náà wo ìta, ó ká a.

"Ó ti tó," mo gbọ́ tó wí. "Kó máa sùn wàyí."

N kò tíì gbà pé mo jẹ̀bi nínú gbogbo rẹ̀. Rẹwáyà Ọjà'ba ṣì jẹ mí ní ọ̀rọ̀, mẹkáníìkì Bẹẹrẹ náà. Ọkọ mi kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rín rẹ̀ títí di òní. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde lórí òkúta yẹn àfi nígbà tó wu ọkọ mi. Ọmọ tí mo pàdánù, àìsí iná ló pa á, kì í ṣe àpótí. Ìyá ọkọ mi sì lọ sínú sàréè láìgbà bẹ́ẹ̀.

Ogun parí nígbà tí ìyá ọkọ mi ṣì wà láàyè. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ mú awọ rọ́bà tuntun dání, ti òsì àti ti ọ̀tún. Inú ọkọ mi dùn bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà. Ó ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè nígbà tí mo ní kó fi í sílẹ̀ di oṣù díẹ̀ sí i. Oyún mìíràn ti wà nínú mi.

"Ṣé ìwọ náà ti gbà á gbọ́ ni?" ó bi mí.

"Rárá. Ó ti rẹ̀ mí ni. Awọ yẹn á tún ya."

Nígbà tí ikùn mi wọ oṣù, mo bá àpótí mi ní ṣíṣí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. N kò tì í. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí ìyá ọkọ mi tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé mi, igi méjì lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ tó fi wé wọn sì ní ihò tó jóná lára. Mo yọjú.

"Màámi, ti òsì yẹn kúrú. Òun ló fi bọ́ lọ́jọ́sí."

Kò dúró.

"Mo mọ̀," ó wí. "Káfíńtà ti gé òmíràn."